Ẹ Má Da Èérí Ọtí Nù: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Kó Tó Kan

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn ọtí nílé: "Mo ti sẹ́ ọtí mi tán, kí ni kí n fi èérí, ìyẹn ọkà tó kù sójú asẹ́, ṣe?" Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bùrùkùtù ń béèrè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìkòkò ìdáná kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó náà ń béèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dà á sí gọ́tà níkẹyìn, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí oúnjẹ gidi ni wọ́n dà nù. Ṣúgà inú ọkà ni omi gbígbóná fà lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì rẹ̀ ṣì wà nínú èérí yẹn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú gbogbo nǹkan ni pé èérí kì í dúró deni. Ẹni tó bá fi 5 kg ọkà gbígbẹ pọn nǹkan bíi 20 lítà bíà yóò rí 6 sí 7 kg èérí tútù. Bó bá gbẹ tán, kò ní ju 1.5 sí 2 kg lọ, torí omi ló kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, nígbà mìíràn ó tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yẹn, pẹ̀lú ooru tiwa níbí, ló ń mú un kan láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná ni kí ẹ ti mọ ibi tí èérí ń lọ: agbada ni o, ewúrẹ́ ni o, tàbí oko. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá sẹ́ ọtí tán kó tó ronú sí i, gọ́tà náà ló máa dà á sí.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èérí tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo èérí ló yẹ fún ẹnu ènìyàn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ fún ẹran. Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ná.

1. Ìgbà wo lẹ sẹ́ ẹ? Tó bá jẹ́ bíà, a máa ń yọ èérí kúrò kí ìwúkàrà tó wọ inú omi rẹ̀. Irú èérí bẹ́ẹ̀ kò ní ọtí nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bùrùkùtù ló máa ń jẹ́ kí ọkà lílọ̀ kan nínú omi kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Ọtí díẹ̀ ti wà nínú ìyẹn. Ẹ má fi ṣe ìpápánu fún ọmọdé, ẹ má sì fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láyè láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ajílẹ̀ ló yẹ ẹ́ jù.

2. Ṣé hops kàn án? Hops ni òdòdó gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú bíà korò. Lẹ́yìn tí èérí bá ti kúrò nínú ìkòkò la máa ń sè é, torí náà kò yẹ kí wọ́n fara kanra. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń fọ ìkòkò ni ọ̀pọ̀ máa ń da pàǹtírí méjèèjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Hops lè pa ajá. Ara ajá tó bá jẹ ẹ́ á gbóná kọjá ààlà, á máa mí hẹlẹ, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ di hops sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí ajá kò lè dé.

3. Ọkà wo ni? Èèpo báálì le, ó sì máa ń họ ọ̀nà ọ̀fun bí ẹ kò bá lọ̀ ọ́ kúnná. Ọkà bàbà kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Èérí tiẹ̀ máa ń ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, kì í sì í tètè gbẹ. Ti àgbàdo ló rọrùn jù láti lò nílé ìdáná. Mo ń sọ èyí torí pé báálì ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bẹ́ẹ̀ ọkà bàbà àti àgbàdo ló pọ̀ lọ́wọ́ tiwa. Ẹ má retí kí àkókò gbígbẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá tiyín mu.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń mú ọkà bàbà hù fúnra rẹ̀: èéhù àti gbòǹgbò tó yọ lára ọkà bàbà ní oró nínú, irú oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Bí ọkà híhù náà bá ti gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa nínú asẹ́ títí èéhù àti gbòǹgbò á fi já, kí ẹ sì fẹ́ wọn dànù kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má kó ohun tí ẹ fẹ́ kúrò yẹn fún ewúrẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá ń sè é, ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí èyí tó kù lè bá ooru lọ.

## Iṣẹ́ ọjọ́ tí ẹ pọn ọtí

Ohun tí ẹ máa nílò:

- asẹ́ ńlá kan tàbí aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì
- àpò tó mọ́, tí omi lè gba ara rẹ̀ jáde
- bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ìdérí
- tapólì tàbí ẹní tó mọ́
- òkúta ńlá tàbí búlọ́ọ̀kù méjì

Ìdájí ni kí ẹ dáná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ yá o. Bí èérí bá jáde nínú ìkòkò ní aago 10 òwúrọ̀, ẹ ṣì ní oòrùn ọjọ́ kan gbáko níwájú. Bó bá jẹ́ aago 5 ìrọ̀lẹ́ ló jáde, ó ti di dandan kí ẹ wá fíríìjì tàbí agbada fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

1. Ẹ da èérí sínú asẹ́, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro fún nǹkan bíi 30 ìṣẹ́jú. Omi tó ń ro yẹn ṣì dùn. Inú ìkòkò ọtí ni kó padà sí, ẹ má dà á nù.

2. Ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí pákó, kí ẹ sì gbé òkúta lé e fún wákàtí kan sí méjì. Ẹni tí ilé ìgàrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀ wọ́n kó gbé àpò tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́. Kí ẹ rí i dájú pé àpò tiyín lẹ lò, kì í ṣe àpò tí ẹ̀gẹ́ tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

3. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́wọ́. Bí omi bá ń já gba àárín ìka yín, kò tíì tó. Ẹ dá a padà sábẹ́ òkúta. Bó bá dì mọ́ra, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, ó ti ṣe é gbẹ.

4. Ẹ pín in lójú ẹsẹ̀: èyí tí ẹ máa sè lónìí, èyí tí ẹran máa jẹ lónìí, èyí tí ẹ máa gbẹ. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú èrò pé ẹ máa yanjú rẹ̀ tó bá yá, àárín bọ́kẹ́ẹ̀tì náà á máa gbóná fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ kan.

5. Èyí tí ẹ kò bá tíì lè ṣe nǹkan kan sí, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó pẹ́ tán. Nínú fíríìsà tó ń di yìnyín dáadáa, ó lè lo oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Bí yìnyín rẹ̀ bá ti yọ́ tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má tún dá a padà síbẹ̀.

## Bí ẹ ṣe máa gbẹ ẹ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà ló sì ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Èérí tó gbẹ dáadáa á ṣe gbogbo nǹkan tí mo máa kọ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó gbẹ lójú nìkan á bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó sì ti bu, kò sí ohun tí a lè fi ṣe é mọ́ fún ènìyàn tàbí ẹran.

### Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: oòrùn

1. Ẹ tẹ́ tapólì sórí tábìlì tàbí orí pẹpẹ gíga, kó má ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí eruku àti adìẹ á ti bá a.
2. Ẹ tẹ́ èérí lé e pẹlẹbẹ. Kó má nípọn ju 1 cm lọ. Èyí tó bá ṣù, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ.
3. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó nítorí eṣinṣin.
4. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí wákàtí títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ẹ lè máa yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí méjì.
5. Kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ̀, ẹ kó o wọlé. Ẹ má kó o jọ gègèrè. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú.
6. Ẹ tún gbé e jáde lọ́jọ́ kejì.

Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ méjì tó láti gbẹ èérí àgbàdo. Ti ọkà bàbà lè di ọjọ́ mẹ́ta. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, títí di oṣù kẹwàá, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn Àkúrẹ́. Àárọ̀ lè mọ́ rokoṣo kí òjò sì dé ní aago 2 ọ̀sán.

### Nígbà òjò: agbada gàrí

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ó yá, ó sì ń fún èérí ní òórùn dídùn.

1. Ẹ gbé agbada kaná, kí iná náà má pọ̀. Ẹ kò ní fi epo sí i.
2. Ẹ da nǹkan bíi kóńgò kan sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ á jó, òkè á ṣì tutù.
3. Ẹ fi ààbọ̀ igbá tàbí ìgbákọ máa tì í síwá sẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, bí ẹni ń yan gàrí.
4. Èéfín omi ló máa kọ́kọ́ gba ojú yín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni èéfín náà á dín kù, èérí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ lára agbada. Òórùn rẹ̀ á yí padà, á máa ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ń jáde.
5. Ẹ dín iná kù níbẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí ẹ ò fi ní rí èéfín omi mọ́. Gbogbo rẹ̀ lè gba 40 ìṣẹ́jú.
6. Ẹ dà á sórí tapólì kó tutù pátápátá. Èyí tí a bá dì ní gbígbóná á làágùn nínú ọ̀rá, á sì bu.

Ẹni tó ní ààrò onígáàsì lè gbẹ ẹ́ níbẹ̀ ní ooru tó wà láàárín 70 sí 90 °C, kó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, kó máa yí i fún wákàtí 5 sí 7. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta gáàsì, kò bọ́gbọ́n mu, àfi bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yan búrẹ́dì tán tí ààrò sì ṣì ń gbóná.

### Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ?

- Bí ẹ bá fi eyín gé e, á dún.
- Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra á, á di lẹ́búlẹ́bú, kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.
- Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó funfun, kí ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sí oòrùn fún wákàtí kan. Bí ìkùukùu bá hàn lára ìgò náà nínú, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí agbada.

Ẹ dì í sínú ike tó ní ìdérí líle. Á lo oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí kòkòrò.

## Lílo rẹ̀ nílé ìdáná

Èérí tí ẹ sẹ́ kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́ nìkan ni mo ń sọ níbí.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ilé ìlọta, ẹ bẹ alólọ kó lọ tiyín tẹ̀lé èlùbọ́ tàbí àgbàdo gbígbẹ. Bó bá tẹ̀lé ata, ẹ ti sọ ìyẹ̀fun yín di ohun ọbẹ̀. Ẹ ní kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá délé, ẹ fi asẹ́ wẹ́wẹ́ kù ú. Èyí tó kù sójú asẹ́ jẹ́ ti adìẹ.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà kò gbọ́dọ̀ jẹ èérí báálì rárá. Fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kó sì mu omi dáadáa, torí ó máa ń yára mú inú ṣiṣẹ́.

### Ààdùn èérí

Nínú gbogbo ohun tí a lè fi èérí ṣe, èyí ló wú mi lórí jù. Epo pupa àti ata mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìtọ́wò ọkà yíyan rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ tó máa rò pé pàǹtírí ló ti wá.

Ohun èlò:

- ife 2 àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná
- ife 1 ìyẹ̀fun èérí
- ṣíbí ìjẹun 5 sí 6 epo pupa tó dára
- ata gígún gbígbẹ, ṣíbí kékeré kan tàbí bí ẹnu yín ṣe gbà
- iyọ̀ díẹ̀
- oyin tàbí ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 2 sí 3

1. Ẹ da ìyẹ̀fun èérí nìkan sínú agbada gbígbẹ lórí iná kékeré, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 5 sí 7 títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n díẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. A kì í tún se ààdùn lẹ́yìn tí a bá po ó, torí náà gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jinná.
2. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tutù, kí ẹ wá da ìyẹ̀fun àgbàdo, ata àti iyọ̀ mọ́ ọn.
3. Ẹ yọ́ epo lórí iná, kó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Kò gbọdọ̀ gbóná débi tó máa funfun.
4. Ẹ po oyin mọ́ epo náà, kí ẹ máa dà á sí ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ ra á pọ̀. Èérí máa ń fa epo ju àgbàdo lọ, nítorí náà ẹ dúró díẹ̀ láàárín ṣíbí kan sí òmíràn kí ẹ tó fi kún un.
5. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan pọ̀. Bó bá dì, tí ojú rẹ̀ ń dán díẹ̀ tí epo kò sì jáde sí yín lọ́wọ́, ó ti tó.
6. Ẹ mọ ọ́n róbótó tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ewé tó mọ́. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Bó bá ń fọ́, epo ló kéré. Bó bá korò, èérí ti jó nínú agbada, kò sì sí ṣúgà tó máa bò ó.

### Àwọn mìíràn, ní ṣókí

Ṣíńṣín: nínú ife ìyẹ̀fun 4, kí ife kan jẹ́ ti èérí. Ẹ fi omi tàbí mílíìkì díẹ̀ kún ohun tí ẹ máa ń lò tẹ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò náà sinmi fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gé e. Ó máa ń tètè pọ́n nínú epo, nítorí náà ẹ dín iná kù.

Búrẹ́dì: kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹ̀fun lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì náà kò ní wú.

Àkàrà: tútù lẹ máa lo ti èyí, lọ́jọ́ tí ẹ pọn ọtí gan-an. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀wà, ife èérí kan sí ife ẹ̀wà rírẹ mẹ́rin. Ẹ má fi omi kún un, torí omi wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lù ú dáadáa kí ẹ tó dín in. Èérí àgbàdo dára fún un. Mi ò fẹ́ràn ti báálì níbẹ̀, èèpo rẹ̀ máa ń hàn lẹ́nu.

## Fún ẹran ọ̀sìn

Àwọn ẹran wa ti mọ èérí ògì tipẹ́, nítorí náà wọn kì í kọ èérí ọtí. Wọn kì í sì í mọ̀wọ̀n ara wọn. Ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n wà.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn. Wọ́n lè jẹ ẹ́ ní tútù. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ewúrẹ́ ilẹ̀ wa tó ti dàgbà lè jẹ tó ìdajì kílò lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ koríko ṣáájú. Bí inú rẹ̀ lápá òsì bá wú tó sì ń le, bó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ dá èérí dúró kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Ẹlẹ́dẹ̀. Fún èyí tó ti ń dàgbà, èérí lè kó ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ kò tíì lágbára fún èèpo.

Adìẹ. Gbígbẹ àti lílọ̀ nìkan ni. Ẹ po 1 kg mọ́ 9 kg oúnjẹ tí ẹ ń rà. Bí ẹ bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ láti dín owó oúnjẹ kù, èèpo á kún inú wọn, ẹyin á dín kù, owó tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú á sì bá ibẹ̀ lọ. Òròmọdìẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló ni oró inú ọkà bíbu máa ń tètè pa jù. Bí ẹ bá fura sí èérí kan, ẹ má gbé e sún mọ́ wọn.

Ẹja àrọ̀. Mo rí àwọn tó ń da èérí tútù sínú adágún ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èyí tí ẹja kò bá jẹ á lọ jẹrà nísàlẹ̀, omi á bàjẹ́, ẹ sì lè bá ẹja lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ń po oúnjẹ ẹja fúnra yín, ìyẹ̀fun èérí gbígbẹ díẹ̀ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, kò jìnnà sí wa.

### Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ní tútù fún ẹran

Èyí wà fún ẹni tí èérí rẹ̀ pọ̀ tí kò sì ráyè gbẹ ẹ́. Ewúrẹ́ tó ti dàgbà àti ẹlẹ́dẹ̀ ńlá ló wà fún.

1. Ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ po èérí àlìkámà tàbí èérí ọkà gbígbẹ mọ́ ọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì èérí ọtí mẹ́rin.
2. Ẹ kó o sínú ọ̀rá líle méjì tí ẹ ki bọ ara wọn, kí ẹ máa fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń kó o.
3. Ẹ fún gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá náà, kí ẹ so ó pinpin, kí ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ sì gbé nǹkan wúwo lé e.
4. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó ṣí i. Òórùn ògì tó kan ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Bó bá ń rùn bí nǹkan tó jẹrà, tàbí tó ti bu láwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ rì í mọ́lẹ̀.
5. Ọ̀rá tí ẹ bá ti ṣí, kí ẹran jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ìdí yìí, ọ̀rá kéékèèké sàn ju ńlá kan lọ.

## Fún oko àti ọgbà

Ẹ má da èérí tútù sí ìdí tòmátì tàbí ẹ̀fọ́. Á gbóná mọ́ gbòǹgbò, á sì pe èèrà àti eku wá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ajílẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì èérí kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ewé gbígbẹ, pópórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlagi, ní ìpele ìpele, kí ewé gbígbẹ wà lókè pátápátá. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń rùn, ewé gbígbẹ ló kéré. Ní oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, á sì máa ta òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó lè pò ó mọ́ erùpẹ̀ fún ọ̀rá tí wọ́n ń hu irúgbìn sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kó èèpo kòkó tí àrùn ti sọ di dúdú sínú òkìtì náà.

Ẹni tó ń gbin olú sínú ọ̀rá lẹ́búlẹ́bú igi lè fi èérí kún un, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó gbọ́dọ̀ fi ooru omi sè é jinná pẹ̀lú ọ̀rá náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbu á gba ibẹ̀ kí olú tó dé.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Gbígbé èérí sí oòrùn láìfún omi rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta á di mẹ́fà, á sì kan sórí tapólì.
- Fífi ojú nìkan wò ó bóyá ó ti gbẹ.
- Yíyọ apá tó bu kúrò, kí a sì lo èyí tó kù. Oró tí ìbu ń fi sílẹ̀ kì í hàn sójú, iná ìdáná kì í sì í pa á. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀.
- Lílọ èérí tí kò gbẹ. Á lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, alólọ kò sì ní gbà fún yín mọ́ nígbà mìíràn.
- Fífi ìyẹ̀fun èérí rọ́pò gbogbo ìyẹ̀fun inú oúnjẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan; ààdùn nìkan ló gba ìdá kan nínú mẹ́ta.

## Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè lò lọ

Ẹ wá ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́ ní àdúgbò yín, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa pọn ọtí. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá pọn ọ́n tán. Ní ẹ̀yìn odi Àkúrẹ́ àti Oǹdó, wọn kò wọ́n rárá, púpọ̀ nínú wọn á sì fi ọ̀kadà ránṣẹ́ wá gbà á fúnra wọn. Ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, kí ẹ sì sọ ohun mẹ́ta fún un: aago tí èérí jáde nínú ìkòkò, bóyá ó ti kan kí ẹ tó sẹ́ ẹ, àti pé hops kò sí nínú rẹ̀. Bó bá ní ajá níbi ẹran rẹ̀, ẹ tún ti hops sọ lẹ́ẹ̀kejì. Kó dá bọ́kẹ́ẹ̀tì yín padà ní fífọ̀, kó lè wà nílẹ̀ fún ọtí tó ń bọ̀.